Kí ọ̀wọ́n gógó dín kù kò ní kí owó ọjà wálẹ̀

Ìròyìn kan ní ọ̀wọ́n gógó já wálẹ̀ láti 20% sí 10%, ó wá fi kún un pé ọjà ti ń dínwó. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Bí owó ọjà ṣe ń yára gòkè tó láàárín ọdún kan ni ìdá yẹn ń wọ̀n, kì í ṣe iye ọjà fúnra rẹ̀. Ẹ mú ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ 100. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó fi 20% lé, ó di 120. Lọ́dún kejì, orí 120 la ti máa ṣírò 10%, ó di 132. Àwọn tó ń ro ó pọ̀ sí 30% (wọ́n pọ̀ o) ti gbàgbé èyí. Àfi tí ìdá náà bá bọ́ sísàlẹ̀ òdo ni ọjà tó dínwó lóòótọ́.

Owó oṣù wá ńkọ́? Bó bá kúrò ní 100 sí 110 láàárín ọdún méjèèjì, ẹ má kàn yọ 10 kúrò nínú 32. Ẹ fi 132 pín 110, ẹ ó rí 0.83: ohun tí owó náà lè rà ti fi nǹkan bíi 17% dín kù.