Rírẹ ewé dóńgóyárò sínú omi kò pa kòkòrò

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp: ẹ rẹ ewé dóńgóyárò sínú omi kànga mọ́jú, ewé náà á di nano (èérún tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i), á sì pa gbogbo kòkòrò àìsàn, sáyẹ́ǹsì ti fọwọ́ sí i. Irọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ọmọ mu.

Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe ní yàrá àyẹ̀wò láti fi ewé ṣe nano yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n á se ewé, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá da omi rẹ̀ mọ́ iyọ̀ kẹ́míkà tó ní irin síǹkì nínú, irú bíi zinc nitrate. Ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì sun ún nínú ààrò tó máa ń gbóná tó ìwọ̀n 400 sí 500 Celsius, kó tó di ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ zinc oxide. Ìyẹn ni nano náà. Láìsí síǹkì, omi ewé lásán ni. Ìyẹ̀fun náà gan-an kì í ṣe ohun mímu. Bí wọ́n bá fi tọ́jú omi, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú omi náà kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Iṣẹ́ gidi ni o. Ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti fi èèpo kòkó ṣe nano ti fàdákà.

Àwọn mìíràn ń fi mọ̀ríńgà gbè é lẹ́sẹ̀. Lóòótọ́, hóró mọ̀ríńgà tí a gún máa ń mú kí ẹrẹ̀ inú omi rò sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó mọ́ lójú ṣì lè gbé kọ́lẹ́rà. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ sì dé e títí á fi tutù.