Àtúnṣe: Sẹ́ńsọ̀ Nìkan Kò Tó Láti Mọ Bí Àgbàlagbà Ṣe Ń Tọ́jú Ara Rẹ̀

Kò tọ̀nà rárá kí a máa sọ pé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń ka ìṣísẹ̀, tí a so mọ́ ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà ti tó láti fi mọ̀ bóyá ó ṣì lè dá tọ́jú ara rẹ̀, tí a kò fi nílò àyẹ̀wò oníṣègùn mọ́. Bí ọwọ́ ṣe ń mì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n; ìdí nìyí tí iye ìṣísẹ̀ tí ó ń kà kì í fi í sábà pé fún ẹni tí ń rìn jẹ́jẹ́, tàbí ẹni tí ó di irin ìrànwọ́ ìrìn mú, nítorí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fì. Ìlànà àyẹ̀wò ìtọ́jú ara ẹni tí oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Katz, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1963 ń wo ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde láti orí ibùsùn, dídá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, àti oúnjẹ jíjẹ. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kíka ìṣísẹ̀ lè dáhùn? Lóòótọ́, bí ìrìn ẹni bá ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ẹ̀rọ lè tètè fi í hàn, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an. Ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá orúnkún ni ó fà á, tàbí oògùn tuntun, tàbí ìbànújẹ́, láìjẹ́ pé ẹnìkan jókòó ti àgbàlagbà náà, kí ó sì bi í.