Abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò kọ́ ló ń tan jẹjẹrẹ ká

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o! Bí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, inú á bí i, á sì tàn ká gbogbo ara." Ẹni tí kókó bá yọ sí èèyàn rẹ̀ lọ́mú rí, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọkọ á sọ ọ́, aládùúgbò á sọ ọ́, alágbo á tẹnu mọ́ ọn kí ọjà tiẹ̀ lè tà. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi aláìsàn 626 léèrè ní àwọn kílíníìkì ẹ̀dọ̀fóró kan ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2003, 38 nínú 100 ló ní afẹ́fẹ́ tó bá kan jẹjẹrẹ lásìkò iṣẹ́ abẹ lè mú kó tàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, 61 nínú 100 ni. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ sọ pé torí ẹ̀ làwọn ò ṣe ní gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fáwọn.

Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan jókòó hun. Ohun tí èèyàn fojú rí ló bí i. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ló ṣì.

Ẹ jẹ́ ká ka oṣù tó wà nídìí rẹ̀. Ká ní obìnrin kan rí kókó lọ́mú, kò dùn ún, ó ní bóyá wàrà ló dì. Ó fi oṣù mẹ́rin mu àgbo, ó fi mẹ́ta wà níbi àdúrà, ó tún fi méjì wá owó. Kó tó dé ọsibítù, kókó ti lẹ̀ mọ́ awọ, àwọn kéékèèké míì ti so sí abíyá. Wọ́n ṣe biopsy, ìyẹn ni pé wọ́n bu díẹ̀ lára kókó náà lọ wò. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kó lọ ya fọ́tò àyà, fọ́tò sì fi hàn pé ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo ilé á ní: "Kí wọ́n tó gún un, ṣebí kò húkọ́?" Oṣù mẹ́sàn-án tó ṣáájú ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Kókó inú ẹ̀dọ̀fóró tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á tó bílíọ̀nù kan. Kí sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan tó di bílíọ̀nù kan, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì nígbà ọgbọ̀n. Ká tiẹ̀ ní oṣooṣù ló ń di ìlọ́po méjì, eré burúkú sì nìyẹn fún jẹjẹrẹ ọmú, ọdún méjì àtààbọ̀ ni yóò gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè bí i. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó dé.

Jẹjẹrẹ ò sì dúró de abẹ́rẹ́ kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1975, àwọn olùwádìí méjì, Butler àti Gullino, yẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde látinú jẹjẹrẹ ọmú lára eku wò. Gíráàmù kan kókó náà ń tú sẹ́ẹ̀lì tó mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin sínú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gún un. Bó bá jẹ́ pé gbogbo èyí tó jáde ló ń hù, kò sí eku tí ì bá ṣẹ́kù. Púpọ̀ jù lọ wọn ń kú ni. Olùwádìí kan, Fidler, ti fi ìyẹn hàn ní 1970: ó fi àmì sí sẹ́ẹ̀lì melanoma, ìyẹn irú jẹjẹrẹ awọ kan, ó fa á sínú iṣan eku, nígbà tó fi máa di wákàtí 24, kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún tó ṣì wà láàyè. Stephen Paget, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, ti fura sí i láti 1889, nígbà tó yẹ àkọsílẹ̀ obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò. Ó ní irúgbìn ni jẹjẹrẹ, ibi gbogbo ló ń balẹ̀ sí, àmọ́ ilẹ̀ tó bá gbà á nìkan ló ti ń hù.

Abẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó máa ń fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sójú ọ̀nà tó gbà, kò sídìí láti fi ìyẹn pamọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 1999 yẹ jẹjẹrẹ ọmú 352 tí wọ́n gé lẹ́yìn biopsy wò. Nínú 32 lára 100, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì tó ṣáko sójú ọ̀nà abẹ́rẹ́. Ẹ wá wo ibi tó dùn níbẹ̀. Lára àwọn tí iṣẹ́ abẹ wọn kò tó ọjọ́ 15 sí ọjọ́ abẹ́rẹ́, 42 nínú 100 ni wọ́n ti rí i. Lára àwọn tó lé ní ọjọ́ 28, ó ti já wálẹ̀ sí 15. Bó bá ṣe pé wọ́n ń hù ni, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ló yẹ kí wọ́n máa pọ̀ sí i.

Wọ́n ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, náà, tí ẹ̀rù rẹ̀ tún ju ti ọmú lọ. Lára aláìsàn 2,034 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní Amẹ́ríkà, tí èsì wọn jáde ní 2015, ìdajì àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́ àyẹ̀wò lò tó oṣù 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn tí wọn ò gún jẹ́ oṣù 15. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ ń fa ẹ̀mí gùn o, torí àwọn méjèèjì kì í ṣe irú kan náà látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ń tan án ká ni, apá kejì ló yẹ kí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí.

Jẹjẹrẹ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nítorí rẹ̀, èèyàn ò lè bá a wí púpọ̀. Burkitt ni, èyí tó ń wú párì àwọn ọmọdé. Denis Burkitt kọ nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958. Ní 1964 àwọn olùwádìí mẹ́ta, Epstein, Achong àti Barr, rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, òun là ń pè ní Epstein-Barr dòní. Ibi tí ibà ti ń mú ọmọdé ní gbogbo ìgbà, bíi ti ilẹ̀ wa níhìn-ín, ló ti wọ́pọ̀. Jẹjẹrẹ yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí èsì bá wá pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní láàbù, ojú ọmọ á ti yí padà pátápátá, eyín á ti máa mì. Ìyá á ní abẹ́rẹ́ ló fà á. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń retí èsì ló fà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í dúró: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi Giemsa, àró tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì hàn, kùn ún, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á sì sọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà gan-an. Bí oògùn bá tètè wọlé, cyclophosphamide pàápàá, bó ṣe yára wú náà ló ṣe máa ń yára wálẹ̀.

Ohun míì tó ń da ojú rú ni ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn biopsy, ẹ̀jẹ̀ lè dì sábẹ́ awọ, ibẹ̀ á wú, á le, á dúdú. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á ní kókó ti di ńlá mọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ni, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó máa ń rọ̀ lọ. Ó pọ̀ sí i lára ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bí aspirin tàbí warfarin, torí náà kí wọ́n sọ fún dókítà ṣáájú.

Ibi tí ọ̀bẹ ti ń ṣèèyàn ní jàǹbá lóòótọ́ wà, àmọ́ ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá. Kókó yọ, wọ́n gbé e lọ sí kílíníìkì kan ládùúgbò, ẹni tó wà níbẹ̀ ní kókó lásán ni, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Kò ṣe àyẹ̀wò kankan. Ó la ọmú, ó fi ìka họ kókó jáde, ó rán an. Wọ́n fi ẹran náà han ẹbí nínú abọ́, lẹ́yìn náà wọ́n lọ rì í mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ fibroadenoma, ìyẹn kókó ọmú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ni, kò burú, torí ìyẹn ní ààlà, ó ń yọ jáde ní odindi. Jẹjẹrẹ kò ní ààlà bẹ́ẹ̀, ó ń na ẹ̀ka sínú ẹran tó yí i ká, ìka ò sì lè họ ìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú àpá á wú, á là, á di egbò. Ni wọ́n bá ní ọ̀bẹ ló bí i nínú. Ọ̀bẹ ò bí i nínú. Ọ̀bẹ ṣẹ́ ẹ kù síbẹ̀ ni. Bó bá ṣe pé ẹran náà dé láàbù, wọn ì bá ti fi tàdáwà kun ẹ̀yìn rẹ̀ yí ká, kí wọ́n tó gé e wò: bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá kan tàdáwà, a jẹ́ pé ó kù síbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ á tún fi òwú kúkúrú rán òkè ẹran náà, òwú gígùn sí ẹ̀gbẹ́, kí láàbù lè sọ ìhà tó yẹ kí wọ́n padà sí.

Ìwádìí ABC-DO tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Namibia, Nàìjíríà, South Africa, Uganda àti Zambia. Èsì ọdún mẹ́ta tó jáde ní 2020 fi hàn pé 36 nínú 100 ló ṣì wà láàyè ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun Namibia, 90 ni. Pípẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù àti àìrí ìtọ́jú gbà wà lára ohun pàtàkì tó ń pa wọ́n. Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ sì wà lára ohun tó lè mú kéèyàn pẹ́.

Àwọn ibì kan wà o, tí dókítà fúnra rẹ̀ kì í ṣàdédé gún. Ẹ̀dọ̀ ni àkọ́kọ́. Fáírọ́ọ̀sì hepatitis B ló ń fa púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lọ́dọ̀ wa, abẹ́rẹ́ sì lè gbin díẹ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀: àkójọ ìwádìí kan ní 2008 ṣírò rẹ̀ sí 2.7 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ aláìsàn bá ti le gbagidi, tàbí tí hepatitis B ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, CT onídáì, ìyẹn fọ́tò inú ara tí wọ́n ń yà lẹ́yìn tí wọ́n bá fa dáì sínú iṣan, lè tó láìgún un. Kókó á tàn yanran nígbà tí dáì kọ́kọ́ dé, á wá ṣókùnkùn ju ẹ̀dọ̀ tó kù lọ lẹ́yìn náà. Àmì méjèèjì pọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èsì. Kókó inú kórópọ̀n, wọn kì í gba inú àpò ẹpọ̀n gún un. Ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tó ti pàdé itan, ni wọ́n ń gbà yọ ọ́ lódindi. Kókó ilé ẹyin tí kò tíì kúrò lójú kan, wọn kì í fi abẹ́rẹ́ gún un. Sarcoma ẹsẹ̀ tàbí apá, ìyẹn jẹjẹrẹ inú ẹran ara tàbí egungun, ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá ló yẹ kó yan ojú ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, kó lè gé ọ̀nà náà mọ́ ọn nígbà tó bá yá.

Biopsy ọmú tó péye kì í pẹ́. Dókítà á fún aláìsàn ní lignocaine kí ibẹ̀ kú, á la awọ ní mílímítà 2 sí 3, á ti abẹ́rẹ́ gauge 14 wọlé. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ó ń dún "tá!" bó bá yìn; ẹ sọ fún aláìsàn ṣáájú kó má bàa ta gìrì. Ó kéré tán, kó bu ẹyọ mẹ́rin. Èyí tó bá rì sínú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ṣeé ṣe kó jẹ́ kókó náà, èyí tó bá léfòó, ọ̀rá ni. Bí ibẹ̀ bá ti di egbò, etí egbò ni kí wọ́n ti bu, torí ẹran àárín ti kú, láàbù ò sì ní rí nǹkan kà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ìgò. Formalin 10% tó ní buffer, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kó kan, ló yẹ, kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, kí ẹran wọ inú rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 sí 72. Omi iyọ̀ ò lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì, ńṣe ló máa jẹrà sínú rẹ̀. Spirit á da àyẹ̀wò HER2, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n fi ń yan oògùn, rú. Fìrísà á dá yìnyín sínú ẹran, á fà á ya. Odindi ọmú tí wọ́n jù sínú formalin láìlà á, inú rẹ̀ á ti bàjẹ́ kí oògùn tó dé ibẹ̀, torí nǹkan bí mílímítà kan ló ń wọ̀ ní wákàtí kan. Kí wọ́n là á bí ègé búrẹ́dì. Bí ẹran bá bàjẹ́ báyìí, àmì ER, tó ń fi hàn pé họ́mọ́ọ̀nù estrogen ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, lè ṣá. Bí 1 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì bá ṣì ní àmì yẹn, tamoxifen lè wúlò fún obìnrin náà, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Èsì tó bá ní kò sí, nítorí ìgò burúkú, ti gba oògùn olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Orúkọ gbọ́dọ̀ wà lára ìgò, kì í ṣe lórí ìdérí, torí ìdérí ń pààrọ̀ ara wọn lórí tábìlì. Bó bá jẹ́ ẹbí ló ń gbé ìgò lọ sí láàbù, kí wọ́n má fi sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn di ọjọ́ kejì. Nígbà tí èsì bá sì dé, ẹ má gba ìwé nìkan. Láàbù ní block, ìyẹn ẹran náà nínú ìda, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù míì, ẹ béèrè fún un. Láàbù ọ̀hún lè gé lára rẹ̀ láti ṣe àyẹ̀wò ER, PR (ti họ́mọ́ọ̀nù progesterone) àti HER2 láìtún gún aláìsàn.