Tudun Biri: ìkánjú kí ni?

Alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni drone (bàálù tí kò ní awakọ̀ nínú) àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri, ìpínlẹ̀ Kaduna. Àwọn tó yè é sọ pé ibi táwọn èèyàn ti ń gbé òkú àti ẹni tó fara pa ni bọ́ǹbù kejì bá wọn. Òkú 85 ni NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, kéde. Iléeṣẹ́ ológun ò kúkú jiyàn. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní agbébọn làwọn pe èrò ọ̀hún.

A ò ní kí ìjọba má bá agbébọn jà. Ṣùgbọ́n lóru, ooru ara ni kámẹ́rà drone ń rí. Èèyàn á kàn hàn bí òjìji funfun. Ó lè fi hàn pé èrò pọ̀ níbì kan, kò lè sọ bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà tàbí ìjà ni wọ́n ń gbèrò. Baálẹ̀ tàbí fijilanté tó wà nílẹ̀ ló lè sọ ìyẹn, ìpè kan ṣoṣo sì lè tó.

Awakọ̀ bàálù tí wọ́n ń yìnbọn lù lè wí àwíjàre pé òun ò ráyè rò ó. Ẹni tó ń darí drone jókòó sí yàrá, ẹnikẹ́ni ò dojú ìbọn kọ ọ́, drone náà sì lè rababa fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí kì í bá ṣe pé agbébọn ń pa èèyàn lọ́wọ́, ìkánjú kí ni? Ti bọ́ǹbù kejì ló tiẹ̀ burú jù lójú tiwa. Àfikún Kìíní, ti ọdún 1977, sí Àdéhùn Geneva, òfin àgbáyé tó de ogun jíjà, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà, sọ ọ́ ní abala 50 pé ẹni tí iyèméjì bá wà lórí rẹ̀, aráàlú ni ká kà á sí. Ta wá ni iyèméjì máa wà lórí rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó sáré wá gbé òkú?

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno, lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, nígbà tí bàálù ológun ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Àlàyé wọn ni pé wọn ò sàmì sí àgọ́ náà lórí máàpù.

Lọ́dún 2024, wọ́n ní ọ̀gá ológun méjì máa jẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ ológun lórí Tudun Biri. Ẹjọ́ inú bárékè nìkan ò tó. Kí wọ́n gbé gbogbo ìwé ìwádìí náà síta: ta ló mú ìròyìn wá, ta ló pàṣẹ bọ́ǹbù àkọ́kọ́, ta ló pàṣẹ ìkejì. Kí àwọn aṣòfin Abuja sì sọ owó gbà-má-bínú di ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin, kí opó má máa dúró de àánú gómìnà.