Ṣé kí ilé kéwú san owó tíránsífọ́mà ilé mẹ́jọ?

Ìyá Sàlámì: Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Ilé kéwú kan wà ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sùn. Tíránsífọ́mà wa jó, ìpàdé onílé ní kí ilé kéwú náà san iye tí ilé mẹ́jọ ń san, torí ọmọ pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ṣí ẹ̀rọ omi wọn fún wa lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a kì í san kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ yẹn gan-an ló ń bá èmi arúgbó gbé garawa dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé ohun tí wọ́n ṣe yìí tọ́?

Kúnlé Eléran: Kí wọ́n san! Ta ló ń lo iná jù?

Àfáà Kékeré: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Irú ilé kéwú bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Òbí mìíràn á gbé ọmọ wá pẹ̀lú àpò gààrí kan, a ò ní rí i mọ́ títí di Iléyá. Mọ́líkì, àfáà tó ni ilé kéwú, ló ń bọ́ ọmọ náà.

Bàbá Ìbejì: Òbí tí kò lè bọ́ ọmọ, kí ló gbé e lọ síbẹ̀ fún? Kó lè máa gbé abọ́ kiri?

Àfáà Kékeré: Ti òkè Ọya lẹ ń sọ, sà. Tiwa kì í ṣagbe. Wàláà tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú ló wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe abọ́.

Adùnní: Àsùbáà tí màmá ń sọ yẹn gan-an ni ìṣòro mi. Gbohùngbohùn wọn ń jí ọmọ mi jòjòló lójoojúmọ́. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n.

Jímọ̀ Alásè: Èmi ò mọ̀ nípa iná o. Ìrẹsì wòlímọ́tù wọn, ayẹyẹ ọmọ tó parí Kùránì, ni mo mọ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló ń jẹun, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì.

Adùnní: 😂 Òótọ́ ni, mo jẹ níbẹ̀.

Kúnlé Eléran: Ìrẹsì kì í ra tíránsífọ́mà. KÍ WỌ́N SAN.

Ọmọ Agége: Ẹ wo àǹfààní ilé kéwú lára Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti Ìsìláàmù. Láti 1952 tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory ti dá a sílẹ̀ ní Agége, àwọn tó jáde níbẹ̀ ti lọ dá tiwọn sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Kí ni owó iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn?

Ẹ̀gbá Tòótọ́: Abẹ́òkúta ló ti dá a sílẹ̀ ní 1952. Ọdún 1955 ló kó dé Agége. Ẹ má gba tiwa mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọmọ Agége: Ta ló ń pè é ní Markaz Abẹ́òkúta? Agége layé mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ̀gbá Tòótọ́: Ibi tí wọ́n ti bí ọmọ yàtọ̀ sí ibi tó dàgbà sí.

Ìlọrin Àfọ̀njá: Ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ Ìlọrin ni Sheikh. Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ná: Al-Ilory.

Ẹ̀gbá Tòótọ́: Wasa, ní Dahomey tó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ni wọ́n ti bí i, ní 1917.

Ìlọrin Àfọ̀njá: Ilé bàbá ẹni ni ilé ẹni. Ṣé ibi tí ìyá bá bímọ sí ló ń sọ ọmọ di onílẹ̀ níbẹ̀?

Ọmọ Agége: Agége ló ti gbé bẹ́ńṣì àti pátákó ìkọ̀wé wọ kíláàsì kéwú, tí ọmọ kò fi jókòó sórí ẹní mọ́.

Ẹ̀gbá Tòótọ́: Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn náà!

Àfáà Kékeré: Ẹ̀yin àgbà, màmá ń dúró de èsì. Kí onílé ka iye iná tí ilé kéwú ń lò, kí wọ́n yọ owó omi kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àdúgbò ló jẹ wọ́n.

Bàbá Ìbejì: Omi tí wọ́n fi ṣàánú? Àánú kò ní gbèsè.

Ìyá Sàlámì: Ẹ ṣeun o. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Mi ò tíì mọ ohun tí màá wí níbẹ̀.

Ọmọ Agége: Màmá, ẹ sọ fún wọn pé Agége ni.

Ẹ̀gbá Tòótọ́: Abẹ́òkúta, màmá. 1952.