Káńfọ̀ kọ́ ni àṣírí ọkọ̀ tí kì í jẹ epo

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri WhatsApp n'Íbàdàn pé káńfọ̀ mẹ́rin nínú táǹkì ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ Volkswagen XL1 jẹ epo púpọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ọdún 2013 yìí kò wúwo (kìlógíráàmù 795 péré), atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró, ó sì tún ní ẹ́ńjìnnì oníná. Ìyẹn ló fi ń lo lítà 0.9 fún 100 kìlómítà, bí bátìrì ẹ̀ bá kún.

Káńfọ̀ tó yọ́ sínú epo lè dì padà, kó dí fílítà àti nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Owó mẹkáníìkì nìyẹn!

Ẹ fẹ́ mọ iye tí tiyín ń jẹ? Ẹ rọ epo kún dé ẹnu ní Ìwó Road, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un rọ kún nílé epo kan náà, kí ẹ fi iye lítà pín kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà náà, torí bó bá kéré, ọkọ̀ á máa jẹ epo sí i. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí yín. Ire ló ní lọ́kàn.