Ìwé ọ̀fẹ́ kì í ṣe ìwé tí wọn ò sanwó ẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kabba lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mi ò tíì lè gbé mì, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé fọtokọ́pì àti tàípù ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé gíga gbé háńdáòtì bàólójì wá, ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó ní kí n bá òun ṣe ọgọ́fà ẹ̀dà kí n sì fi sípáírà dè é. Iná ti lọ látàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ là ń lò, ẹ̀rọ sì ti gbóná débi pé ó ń gé bébà jẹ, la bá jókòó kó lè tutù. Ibẹ̀ ni mo ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe kúkú gbé ìwé yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, káwọn ọmọ wọ̀nyí máa kà á lórí fóònù?" Ẹ̀gbọ́n wò mí bíi pé mo ní kó lọ ta ilé bàbá ẹ̀. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kébi pa mí ni? Ta ló máa sanwó fún mi? Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé tó bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, kò lè dáa. Èyí tó dáa, wọ́n á tà á." Ìyá kan tó wá ṣe fọtokọ́pì ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ náà dá sí i, ó ní òótọ́ ni, oògùn ọ̀fẹ́ táwọn olóṣèlú pín fún wọn nígbà kámpéènì, ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀ tipẹ́.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ohun témi náà gbà gbọ́ nìyẹn títí di bí ọdún méjì sẹ́yìn. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé ọ̀fẹ́ tó dáa, wọ́n ti sanwó ẹ̀ tán kó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ wo bọ́ọ̀hóòlù tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń gbẹ́ kiri lọ́dọ̀ wa, láti Ìyàrà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun á dáwó jọ, wọ́n á pe ẹni tó ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á sanwó iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò á wá máa pọnmi. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ebi pa ẹni tó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù torí pé omi ibẹ̀ ọ̀fẹ́ ni? Ó ti gbowó ẹ̀ lọ ilé.

Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ tìwé. Lóṣù kẹrin ọdún 2001, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn máa gbé nóòtì kọ́ọ̀sì àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù kó wá kà á. Àwọn kan rò pé inúure lásán ni. Ká má purọ́, inúure wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà wà níbẹ̀: fáúńdéṣọ̀n méjì, Hewlett àti Mellon, ló gbé mílíọ̀nù 11 dọ́là kalẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2002 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, pe ìpàdé ní Paris, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún nǹkan náà lórúkọ tó ń jẹ́ dòní, open educational resources, ìyẹn ohun èlò ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí gbogbo èèyàn gé kúrú sí OER.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé ta ló fẹ́ gbé mílíọ̀nù dọ́là wá sí Kabba. Ó dáa, ẹ wo UMass Amherst, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, nígbà náà. Ní 2011, wọ́n pín owó ìrànwọ́ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 1,000, fáwọn olùkọ́ tó bá lè yọ ìwé olówó gọbọi kúrò nínú kọ́ọ̀sì wọn kí wọ́n fi èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ò ní rà rọ́pò. Gbogbo ẹ̀ ò ju dọ́là 10,000 lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́ nìkan, owó tó dúró sápò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé ní dọ́là 70,000. Ìpínlẹ̀ Georgia náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún olùkọ́ lówó bẹ́ẹ̀ ní 2014, nígbà tó sì di 2018 Congress Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ya mílíọ̀nù 5 dọ́là sọ́tọ̀ fún un.

Kí ni olùkọ́ ń fi owó náà ṣe? Ibi témi mọ̀ dáadáa nìyí, torí háńdáòtì ni mò ń rí lójoojúmọ́. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ìwé ju ká jókòó ká kọ ọ́ lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà á wò láti òkè délẹ̀ kó mú àṣìṣe kúrò, olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó kọ tọ̀nà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ya àwòrán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tò ó kó ṣeé kà lórí fóònù kékeré. Olùkọ́ náà sì nílò àyè, bóyá kí wọ́n bá a gbé kọ́ọ̀sì kan kúrò lọ́rùn fún sẹ̀mẹ́sítà kan. Háńdáòtì tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa, mélòó nínú ẹ̀ lẹnikẹ́ni ti yẹ̀ wò rí? Mo ti rí èyí tí ojú ìwé 31 àti 32 jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n fi ta gbogbo kíláàsì lọ́dún mẹ́ta. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo sì sọ, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn, wọ́n tà á o, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ti pé ọ̀fẹ́ ò lè dáa, wọ́n ti dán ìyẹn náà wò. Ní yunifásítì Georgia, wọ́n wo èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 21,000 lọ, kí wọ́n tó gba ìwé ọ̀fẹ́ wọlé àti lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2018. Máàkì gòkè, àwọn tó ń féèlì àti àwọn tó ń já kọ́ọ̀sì sílẹ̀ dín kù, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lówó ló sì ti hàn jù. Ìwé tí wọ́n lò, ti OpenStax ni, iléeṣẹ́ tí yunifásítì Rice ní Texas dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé jáde ní 2012, tó ń sanwó fún òǹkọ̀wé àti fáwọn tó ń yẹ ìwé wò.

Kò yà mí lẹ́nu rárá. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ kẹjọ sẹ̀mẹ́sítà, ní ìrọ̀lẹ́ tí tẹ́ẹ̀sì kù ọ̀la, ẹ máa rí ọmọ mẹ́fà tó dúró ti háńdáòtì kan ṣoṣo, wọ́n á ní kí n bá àwọn fọtokọ́pì ojú ìwé méjì péré, torí ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́ pé ìbéèrè ti máa jáde. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní wọn ò tíì ka nǹkan kan. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ṣe dáadáa ju ìyẹn lọ, ṣé ó dìgbà tá a bá bi babaláwo ni?

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ o, kẹ́nì kan má wá ní mo ní kẹ́ ẹ máa jí ìwé. PDF tí wọ́n ń jù kiri lórí WhatsApp, tẹ́nì kan skan látinú ìwé olówó, ìyẹn kì í ṣe OER, olè ni. Èyí tí mò ń sọ ní láísẹ́ǹsì lára, ti àjọ Creative Commons ló wọ́pọ̀ jù, wọ́n ti ń fún èèyàn látọdún 2002. Láísẹ́ǹsì yẹn ni ẹni tó ni ìwé fi ń sọ ohun tó gbà kẹ́ ẹ ṣe, yálà kẹ́ ẹ tún un tẹ̀, kẹ́ ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ túmọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sáà dárúkọ òun. Òmíràn á ní ẹ lè lò ó ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má tà á. Orúkọ òǹkọ̀wé ò kúrò níbẹ̀, òun ló ṣì ni iṣẹ́ ẹ̀.

Nílé níbí náà, nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì. NOUN, yunifásítì tí wọ́n ti ń kàwé látọ̀nà jíjìn, tí Ṣàgàrí dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa ní 1984, tí Ọbásanjọ́ tún ṣí lẹ́yìn náà, ìwé kọ́ọ̀sì wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́nikẹ́ni lè gbà sórí fóònù ẹ̀, bẹ́ ò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ṣí ọ̀kan, ẹ wo ojú ìwé iwájú, ẹ máa rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ẹni tó ṣàtúnṣe ẹ̀, orúkọ ẹni tó ń bójú tó kọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn ni, kì í ṣe sàráà. Ní South Africa, ìwé maths àti sáyẹ́ǹsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Cape Town bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2002, ìyẹn náà ló padà di ti iléeṣẹ́ ìwé kan tó ń jẹ́ Siyavula, tí ìjọba wọn tẹ ẹ̀dà ẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì fáwọn sẹ́kọ́ńdírì ní 2012. Ṣé ìjọba á tẹ pàǹtí ní mílíọ̀nù méjì? (Ẹ má dáhùn, mo mọ̀ pé ti Nàìjíríà lẹ́ ń rò.)

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé níbo lowó tiwa ti máa wá, ẹ bi TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran àwọn ilé-ìwé gíga lọ́wọ́. Owó orí ẹ̀kọ́ tí òfin 1993 ní káwọn kọ́ńpìnnì máa san ló bọ́ sọ́wọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin 2011 ló sì fún wọn lórúkọ tí wọ́n ń jẹ́ yìí, wọ́n sì ti ń fi lára ẹ̀ tẹ ìwé táwọn olùkọ́ wa kọ. Èrò tèmi ni pé ìwé tówó ìlú bá ti tẹ̀, kí ló dé tọ́mọ ìlú á tún fi rà á? Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó bá gbowó, ìwé ẹ̀ á ní láísẹ́ǹsì, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n ní ìṣòro kan tí mi ò lè já sí irọ́ ṣáá. Ó ní jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn olùkọ́ ti ń gbé ìwádìí wọn jáde, ni wọ́n ń kà fún púròmóṣọ̀n, kò sẹ́ni tó máa gbé òun ga torí ìwé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Lóṣù kọkànlá 2019 UNESCO fẹnu kò lórí ìwé kan tó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa náwó sórí OER kí wọ́n sì máa mọ rírì olùkọ́ tó bá ń ṣe é, ṣùgbọ́n láti Paris dé ọ́fíìsì ẹni tó ń ka jọ́nà, ọ̀nà jìn.

Kẹ́ ẹ tó bi mí, ṣé ṣọ́ọ̀bù mi ò ní kú bí ìwé bá di ọ̀fẹ́? Mo ti rò ó. Iná ò sí, dátà wọ́n, àwọn ọmọ ṣì fẹ́ràn bébà tí wọ́n lè fi bírò fà lábẹ́. Ìwé tí láísẹ́ǹsì ẹ̀ bá gbà kí n tẹ̀ ẹ́ kí n tà á, màá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, mi ò ní máa wẹ̀yìn bí mo ṣe ń wẹ̀yìn tẹ́nì kan bá gbé ìwé olówó wá pé kí n bá òun ṣe odindi ẹ̀.

Mo ṣí ìwé bàólójì OpenStax lórí fóònù mi, mo gbé e fún Ẹ̀gbọ́n. Kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá fa háńdáòtì tiẹ̀ yọ lórí tábìlì, ó ṣí ibi tó ya inú ewé sí, fọtokọ́pì ti sọ ọ́ di dúdú bí àkàrà tó jóná, ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé inú ìwé ẹlòmíì lòun ti gé e. Ó ka àwòrán inú háńdáòtì náà, mẹ́tàdínlógún, mẹ́rin péré ni tiẹ̀. Mo ní mẹ́sàn-án nínú àwọn tó kù, ó lè rí irú ẹ̀ mú nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ yìí, kó sáà dárúkọ wọn. Ó ní, "Ewé kajú ńkọ́? Gbòǹgbò iṣu ńkọ́? Àwọn yẹn ò sí níbí." Mo ní ìyẹn lẹ máa sanwó fẹ́nì kan kó yà fún yín, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní owó ìrànwọ́.

Ẹ̀rọ ti tutù. Mo tẹ ọgọ́fà ẹ̀dà ẹ̀ fún un bó ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́, ó sanwó, ó dì wọ́n sẹ́yìn ọ̀kadà. Ó ti gun ọ̀kadà tán kó tó bojú wẹ̀yìn, ó ní ọmọkùnrin tó ń kọ sáínbọọ̀dù ní jọ́ńṣọ̀n yẹn, èló ló máa ń gbà lórí àwòrán kan.